Ìṣọwọ́yàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí òfin ni èyí rí fún àwọn ayàfọ́tò àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá: ẹni tí ó wá ya fọ́tò a jókòó, a kọjú sí kámẹ́rà, a gbé ọwọ́ lé orúnkún, kí ojú àti aṣọ rẹ̀ lè hàn kedere. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ àwòrán irun tí J. D. 'Okhai Ojeikere yà, ìpàkọ́ ni òǹwòran ń bá pàdé. Ṣé ọnà ni èyí, àbí àkọsílẹ̀ lásán?

Ní 1930 ni a bí Ojeikere ní ilẹ̀ Emai, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí; ó kú ní 2014. Ní 1954 ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fọ́tò. Ní 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin, títí iye àwòrán náà fi súnmọ́ 1,000.

Ohun mẹ́ta ni ó di ìlànà rẹ̀ mú: dúdú àti funfun ni àwọ̀ àwòrán, ẹ̀yìn àwòrán a mọ́ láìsí ohun ọ̀ṣọ́, ẹ̀yìn tàbí ẹ̀gbẹ́ ni ó sì sábà máa ń dúró sí. Kò sí èyí tí ayàfọ́tò mìíràn kò lè ṣe. Àìyẹsẹ̀ kúrò nínú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sọ wọ́n di tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjálá rí: ìlànà kan náà ni gbogbo oníjàálá ń tẹ̀ lé, síbẹ̀ ohùn olúkúlùkù a máa dá yàtọ̀.

Nínú àwòrán "Onílé Gogoro tàbí Àkàbà" (1975), òwú ni a fi kó irun tí ó fi nà ròkè. Nítorí pé ojú kò sí níbẹ̀ tí yóò gba àfiyèsí, irun náà dúró bí ère tí a gbẹ́. "Mkpuk Eba" (1974), tí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ti Yorùbá, gba ìtọ́jú kan náà. Nípa bẹ́ẹ̀ a lè fi irun wé irun. Nígbà tí a pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Kassel ní Jámánì ní 2007, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá lè rí bí irun náà ti ga. Ẹni tí ó gbọ́ èdè náà ni yóò rántí ilé àti àkàbà.

Àwọn kan lè sọ pé onídìrí ni ó ni ọnà. Òtítọ́ ni: ìka rẹ̀ ni ó di irun, òun náà ni ó fi òwú kó o. Ṣùgbọ́n irun tí a dì yóò di títú, àti pé yíyan ibi tí a óò ti wò ó kì í ṣe iṣẹ́ onídìrí. Àléébù tí ó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ irun ni àwọn àwòrán náà sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe orúkọ obìnrin tí ó gbé e sórí tàbí ti onídìrí. Bí a ti pa ojú tì kí ọnà lè hàn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ni orí pòórá.

Èyí wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá ní kí ó tú ìṣọwọ́lò-èdè òǹkọ̀wé palẹ̀. Kíka iye àfiwé àti àwítúnwí kò tó. Kí ó wádìí ibi tí òǹkọ̀wé dúró sí, ohun tí ó kọ̀ láti fi hàn, àti ohun tí kíkọ̀ náà mú wá àti ohun tí ó gbà lọ.