"Ikọ́ fée": orúkọ tí etí sọ

Etí àwọn tó pe asthma ní "ikọ́ fée" mú gan-an, ṣùgbọ́n mo ń bá orúkọ náà ṣẹjọ́. Ó jẹ́ ká máa fi etí nìkan díwọ̀n àìsàn. "Fée" bá ti dákẹ́, a ó ní ó ti lọ, a ó pa oògùn tì. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà èémí ṣì lè wú. Salbutamol ń la ọ̀nà ni, kì í wo wíwú yẹn sàn. Ìdí nìyẹn tí àjọ àgbáyé GINA fi sọ ní 2019 pé kí àgbà àti ọ̀dọ́ má lo irú rẹ̀ nìkan mọ́, láìfi steroid fífà kún un. Bó bá sì le tán, àyà lè pa lọ́lọ́, torí atẹ́gùn ò rí ọ̀nà kọjá. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn kì í ṣe àlàáfíà o. Ọsibítù ló yá.