Ìran ni, àbí eré? Lórí ìdájọ́ tí wọ́n ṣe fún Naruto Shippuden: Ultimate Ninja Storm 2

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Namco Bandai gbé eré fídíò ìjà kan jáde fún ẹ̀rọ PlayStation 3 àti Xbox 360. Orúkọ rẹ̀ ni Naruto Shippuden: Ultimate Ninja Storm 2. CyberConnect2, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Fukuoka ní ilẹ̀ Jàpáánì, ni ó ṣe é, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe apá kìíní rẹ̀ ní 2008. Àwọn alámèyítọ́ gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, síbẹ̀ wọn kò yìn ín láìtọ́ka sí àbùkù. Lórí Metacritic, tí ó máa ń kó máàkì àwọn ìwé ìròyìn jọ, ìpíndọ́gba rẹ̀ wà láàárín 70 sí 80 nínú 100. Bí a bá kó ọ̀rọ̀ wọn pọ̀, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ: eré yìí dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó di mànẹ́ẹ̀tì mú.

A fẹ́ yẹ gbólóhùn yìí wò. Ó kàn wá, nítorí pé èdè Faransé ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ fi mọ Naruto, láti ìgbà tí ilé ìtẹ̀wé Kana ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn náà jáde ní 2002. Ó tún kàn wá nítorí pé bí a kò bá ní òṣùwọ̀n tiwa, òṣùwọ̀n ẹlòmíràn ni a ó máa fi wọn ohun tí ọmọ wa fẹ́ràn. A ó gbé e ga jù, tàbí kí a pè é ní ìranù láìwò ó.

Masashi Kishimoto ni ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn Naruto ní 1999, nínú ìwé ìròyìn Weekly Shōnen Jump. Ní 2002 ilé-iṣẹ́ Pierrot sọ ọ́ di eré àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní 2007 apá kejì rẹ̀, Shippuden, tẹ̀lé e. Ọmọ òrukàn kan ni Naruto. Wọ́n fi èdìdì dé ẹ̀mí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onírù mẹ́sàn-án mọ́ ọn nínú nígbà tí ó wà ní ìkókó, nítorí náà àwọn ará ìlú rẹ̀, Konoha, ń sá fún un. Eré fídíò tí à ń sọ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà padà sílé lẹ́yìn ìrìn àjò ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Jiraiya ọ̀gá rẹ̀. Ó parí pẹ̀lú ogun Pain, ọkùnrin tí ó sọ Konoha di ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìyìn àwọn alámèyítọ́ kò ṣòro láti lóye. Àwọ̀ àti ìlà àwòrán rẹ̀ sún mọ́ ti orí tẹlifíṣọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ń kọjá lọ lè rò pé ètò tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò. Àwọn oníjà inú apá kìíní jẹ́ 25. Nínú apá kejì, wọ́n lé ní 40. Ẹni méjì tí wọ́n wà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè bá ara wọn jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí kò sí tẹ́lẹ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, ìjà pẹ̀lú àwọn ọ̀tá ńláńlá inú ìtàn náà ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu.

Ẹ̀sùn wọn náà kò ṣòro láti lóye. Bọ́tìnì kan náà ni gbogbo oníjà fi ń lu ọ̀tá, nítorí náà ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan jà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo wọn jà. Ìjà lórí ògiri, tí ó wà nínú apá kìíní, kò sí mọ́. Àárín ìjà kan sí èkejì sì kún fún rírìn lójú ọ̀nà tí ó dá páropáro.

Níbí ni èdè wa ti lè ràn wá lọ́wọ́. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì fún ohun tí àwọn alámèyítọ́ yìí dà pọ̀: ìran ni ohun tí a ń wò, eré ni ohun tí a ń ṣe. A sì mọ̀ pé méjèèjì lè gbé inú ara wọn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ohun ìní àṣà gbogbo ayé, ni àwọn àgbà ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ní ojú tí ó rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Síbẹ̀, ìran nìkan kọ́ ni fún ẹni tí ó gbé igi lórí. Ìlù ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dáhùn. Bí ẹsẹ̀ bá pẹ́, gbogbo ọjà yóò mọ̀.

Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni eré yìí ń béèrè nígbà tí ìjà ńlá bá gbóná. Àwòrán ń sáré lọ fúnra rẹ̀, àmì bọ́tìnì yóò yọ lójú ẹ̀rọ, ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ ní àkókò rẹ̀ gan-an. Àwọn kan nínú àwọn alámèyítọ́ ka èyí sí eré tí kò pé, pé ojú ni ó ń jẹ ọpọ́n, ọwọ́ kàn ń lá a ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń dá ìlù lóhùn kò yan ohun tí ìlù yóò sọ, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò pè é ní òǹwòran. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: bí eré náà bá fúyẹ́ lọ́wọ́, kì í ṣe ìran rẹ̀ ni ó yẹ kí a gé kúrò.

Ibi tí ẹ̀sùn wọn ti múlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìrìn. Apàlọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í mú wa rin gbogbo ọ̀nà tí Ìjàpá rìn. Yóò ní ó ń lọ, ó ń lọ, ó ń lọ, a ó sì ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Storm 2 ní kí a fi ẹsẹ̀ rin ín ní tòótọ́, láti ẹnu ibodè dé inú igbó, kí a tó gbọ́ gbólóhùn méjì, kí a tún padà. Kò sí ìran níbẹ̀, kò sì sí eré. Àléébù gidi nìyí, ó sì wúwo ju ọ̀rọ̀ bọ́tìnì lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí máàkì kankan kò lè gbé. Pain kì í ṣe ìkà lásán. Ogun àwọn ìlú ńláńlá ni ó pa ìlú rẹ̀ run, ó sì gbà pé ìrora nìkan ni ó lè kọ́ ayé ní àlàáfíà. Ó béèrè lọ́wọ́ Naruto pé kí ni ìdáhùn rẹ̀ sí ìkórìíra tí ń bí ìkórìíra. Lẹ́yìn tí ó ti borí rẹ̀, Naruto lọ bá ẹni tí ń darí Pain, Nagato, tí ó pa ọ̀gá rẹ̀. Kò pa á. Ó jókòó ti ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ tán.

Ní àkókò yìí, eré náà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ní kí a máa wò. Ohun tí wọ́n pè ní àìjinlẹ̀ níbòmíràn, ọgbọ́n ni níhìn-ín. Kò sí bọ́tìnì tí a lè fi dárí ji ènìyàn. Ọwọ́ tí ó ṣẹ́gun gbọ́dọ̀ sinmi kí etí tó lè gbọ́rọ̀. Eré ìjà tí ó mọ ibi tí ìjà parí sí ṣọ̀wọ́n, a sì gbà pé ó yẹ kí ìdájọ́ wa mẹ́nu bà á.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ni pé kí ẹ jókòó ti ọmọ tí ń ṣe irú eré báyìí. Ohùn inú rẹ̀ lè jẹ́ ti Jàpáánì tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Faransé wà lábẹ́ àwòrán. Ọmọ náà lè túmọ̀ rẹ̀ fún yín sí Yorùbá. Ẹ bi í pé kí ni ojú rẹ̀ rí, kí ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe, kí sì ni ó dé ọkàn rẹ̀. Ìdáhùn mẹ́ta ni yóò fún yín, kò sì sí èyí tí ó lè dípò èkejì.

Ní 2016, Storm 4 dá ìjà orí ògiri padà. Máàkì 75 kò lè sọ fún ẹni tí ó ṣe eré pé ògiri ni àárò rẹ̀ ń sọ wá. Àlàyé nìkan ni ó lè sọ ọ́, àlàyé sì ni iṣẹ́ lámèyítọ́.