Edan: Ère tí a Fi Ń Kọ́ Ọrùn

Bí ènìyàn bá dúró ti àwọn tí ń ta ẹ̀gbà ọrùn ní Mowé tàbí ní Ìbafo, yóò rí onígun mẹ́ta, yóò rí onígun mẹ́rin, a ó sì sọ fún un pé ọnà ìgbàlódé ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá yìí kan náà ni edan Ògbóni ti wà láti ayébáyé: ọ̀ṣọ́ ni, ère sì ni.

Ẹ jẹ́ kí á wò ó fínnífínní. Ère méjì ni, akọ àti abo. Ìda oyin ni a fi mọ wọ́n kí a tó da idẹ. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó wà ní ìdí wọn, ẹ̀wọ̀n sì so wọ́n pọ̀ ní orí. Alágbẹ̀dẹ kò wá àwòrán ènìyàn gan-an. Ó sọ ara di òpó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sọ ìpéǹpéjú di ilà títẹ̀, ó sì jẹ́ kí orí tóbi.

Àwọn Ògbóni a máa wí pé, “Ògbóni méjì, ó di ẹ̀ta.” Peter Morton-Williams, nínú àròkọ rẹ̀ ti 1960, sọ pé àṣírí tí wọ́n jọ pa mọ́ ni ẹ̀kẹta náà. N kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ní ti ọnà, mo rí ẹ̀kẹta mìíràn: ẹni tí ó fi í kọ́ ọrùn. Bí ẹ̀wọ̀n bá gba ẹ̀yìn ọrùn, tí ère kan wà ní ọ̀tún àyà, tí èkejì wà ní òsì, igun mẹ́ta pé. Bí àgbà náà bá mí, ère a mì. Nínú àpótí dígí ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ̀wọ̀n a wọ́lẹ̀, igun kan a sì sọnù.

Alexander Calder, ọmọ Amẹ́ríkà (1898–1976), fi òòlù lu wáyà idẹ di ẹ̀gbà ọrùn. Ní 2008, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York pàtẹ wọn, àwọn alámèyítọ́ sì kà wọ́n sí ère. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí edan fi jẹ́ ohun ìbẹ̀rù lásán lójú wa?

Èmi kì í ṣe Ògbóni, n kò sì pe ẹnikẹ́ni wọ ilédì. Onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí tí kò fẹ́ fi í kọ́ ọrùn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àmọ́ kò yẹ kí ẹ̀rù dí wa lójú. Ọ̀dọ́ tí ń ṣe ẹ̀gbà onígun mẹ́ta ní Ifọ̀ lónìí lè kọ́ ohun kan lára edan: ọ̀ṣọ́ tí kò lè pé láìsí ara ènìyàn, ère ni.