Ìpínrọ̀ tí Lemaître yọ: lámèyítọ́ lórí ìtumọ̀ 1931 àti lórí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìràwọ̀ ní Yorùbá

Ní 1927, Georges Lemaître, àlùfáà Kátólíìkì ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń kọ́ni ní Louvain, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní èdè Faransé nínú Annales de la Société scientifique de Bruxelles. Àkọlé rẹ̀ gùn: Un univers homogène de masse constante et de rayon croissant rendant compte de la vitesse radiale des nébuleuses extra-galactiques. Ní 1931, ìtumọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù nínú Monthly Notices of the Royal Astronomical Society. Ẹni tó bá tẹ́ méjèèjì síwájú, tó ń kà wọ́n ní gbólóhùn-gbólóhùn, yóò rí i pé ìpínrọ̀ kan wà nínú ti Faransé tí kò sí nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìpínrọ̀ ọ̀hún kì í ṣe èyí tí a lè fojú fò. Ibẹ̀ ni Lemaître ti ṣírò bí àgbáálá ayé ṣe ń yára gbòòrò tó.

Àwọn tó ti kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí, onímọ̀ físíìsì ni púpọ̀ nínú wọn, tàbí òpìtàn sáyẹ́ǹsì. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ta ló kọ́kọ́ rí i. Èmi fẹ́ kà á bí a ṣe ń ka ìtumọ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ èdè: kí ni wọ́n gbé dé òdì kejì, kí ni wọ́n fi sílẹ̀, ta ni ìfisílẹ̀ náà sì pa lára.

Kí a tó lè mọ ohun tó sọnù, a ní láti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Nǹkan méjì ni ìṣirò náà ń fẹ́: eré tí àgbájọ ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sá, àti bí ó ṣe jìnnà sí wa tó. Eré ni ó rọrùn. Bí a bá tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sí àwọn àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀, a ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ dúdú láàárín wọn. Èròjà kọ̀ọ̀kan, háídírójìn tàbí kálísíọ̀mù, ló ní ìlà tirẹ̀, bí àwọn ìdílé wa ṣe ní ìlà ojú tiwọn látijọ́, tí a fi ń dá wọn mọ̀. Bí ohun tó ń tan ìmọ́lẹ̀ náà bá ń lọ kúrò lọ́dọ̀ wa, gbogbo ìlà rẹ̀ á jọ sún sí apá pupa. Bí ó bá ń bọ̀, wọ́n á sún sí apá búlúù. Vesto Slipher bẹ̀rẹ̀ irú ìwọ̀n báyìí ní Arizona ní 1912. Andromeda tó kọ́kọ́ wọ̀n ń bọ̀ wá bá wa, nǹkan bíi kìlómítà 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń wọn àwọn yòókù, ó rí i pé púpọ̀ jù lọ ń lọ ni.

Jíjìnnà ló ṣòro. Henrietta Leavitt, ní Harvard, ti fi hàn ní 1912 pé àwọn ìràwọ̀ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ wọn máa ń le tó sì máa ń rọ̀ ní ìgbà tó ṣe déédéé, àti pé èyí tí ìyípo rẹ̀ bá pẹ́ jù ni agbára ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tó bá mọ bí fìtílà kan ṣe lágbára tó lè fi bí ó ṣe ń ṣe bàìbàì lójú rẹ̀ mọ bí ó ṣe jìnnà tó. Edwin Hubble rí irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Andromeda ní 1923, ó sì fi mọ̀ pé Andromeda kò sí nínú àgbájọ ìràwọ̀ tiwa rárá. Ṣùgbọ́n ní 1927, ìwọ̀nba díẹ̀ ni irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti rí. Fún àwọn tó kù, ohun tí Lemaître ṣe ni pé ó gbà pé agbára ìmọ́lẹ̀ gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, pé èyí tó bá ṣe bàìbàì jù ló jìnnà jù.

Ó kó mẹ́tàlélógójì dín kan jọ, 42. Ó rí 625: pé àgbájọ ìràwọ̀ tó jìnnà tó mílíọ̀nù pársẹ́ẹ̀kì kan ń sáré kìlómítà 625 ní ìṣẹ́jú àáyá. Nísàlẹ̀ ojú ìwé, ó ní bí òun kò bá fún ìwọ̀n kan ní agbára ju èkejì lọ, 575 ni òun ì bá rí. Ó tún sọ níbẹ̀ pé àṣìṣe tó wà nínú jíjìnnà wọ̀nyí tó ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn fúnra wọn, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ti wá ìbátan eré àti jíjìnnà ṣáájú òun kò fi rí ohun tó ṣe gúnmọ́.

Nínú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo èyí di gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ pé lẹ́yìn àgbéyẹ̀wò àwọn ìwọ̀n tó wà nílẹ̀, a mú iye báyìí. Àgbéyẹ̀wò wo? Òǹkàwé kò rí i.

Kó tó di 1931, Hubble ti gbé tirẹ̀ jáde ní 1929, pẹ̀lú àgbájọ ìràwọ̀ 24 tó mọ jíjìnnà wọn, ó sì rí nǹkan bíi 500. Orúkọ Hubble ni òfin náà ń jẹ́ láti ìgbà náà. Ní 2011, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé bóyá ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ gé ìpínrọ̀ Lemaître kúrò, kí ògo má bàa kúrò lọ́wọ́ Hubble. Mario Livio lọ tú àwọn lẹ́tà ẹgbẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde nínú Nature lọ́dún náà: Lemaître fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì yọ ọ́. Ní 2018, àjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé dìbò, 78 nínú ọgọ́rùn-ún sì fọwọ́ sí i pé kí a máa pè é ní òfin Hubble àti Lemaître.

Àwọn kan ti pa ìwé dé níbẹ̀. Kò sí olè, ẹjọ́ ti tán. Ó tán fún Hubble lóòótọ́. Fún ìtumọ̀ náà, mo rò pé kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo lẹ́tà tí Lemaître kọ sí Smart, olóòtú ìwé àtìgbàdégbà náà, ní oṣù kẹta 1931. Ó ní ìjíròrò lórí eré àwọn àgbájọ ìràwọ̀ yẹn kò ní actual interest. Elédè Gẹ̀ẹ́sì tó bá ka èyí yóò gbọ́ pé kò wúlò ní ti gidi. Àwa tí a fi Faransé kàwé ń gbọ́ actuel lẹ́yìn rẹ̀: ohun tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá, tí kì í ṣe ti òní mọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ara wọn lójú, ìtumọ̀ wọn kò jọ. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, ohun tó ń sọ ni pé Hubble ti ní ìwọ̀n tó tuntun ju tòun lọ, òun kò sì rí ìdí láti tún ti àtijọ́ tẹ̀. Ìdájọ́ lórí ìgbà ni, kì í ṣe ìdájọ́ lórí ìwúlò. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ yìí gbé e kalẹ̀ bí onírẹ̀lẹ̀ tó pe iṣẹ́ ara rẹ̀ ní asán ti gbé ẹrù lé ọ̀rọ̀ ẹyọ kan tí kò lè rù ú. Ó yà mí lẹ́nu pé nínú gbogbo ohun tí mo kà lórí lẹ́tà yìí, ìwọ̀nba díẹ̀ ló dúró ti ọ̀rọ̀ náà.

Síbẹ̀, pé òǹkọ̀wé ló túmọ̀ iṣẹ́ ara rẹ̀ kò sọ ìyọkúrò náà di ohun tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àkọlé Gẹ̀ẹ́sì náà kò sọ pé iṣẹ́ tuntun ni. Ó dúró gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ àkọlé 1927. Òǹkàwé 1931 gbà pé ohun tó wà nínú ọ̀kan ló wà nínú èkejì. Ohun tó pàdánù kì í sì ṣe iye 625 nìkan, nítorí iye náà kò tọ̀nà: ohun tí wọ́n ń rí lónìí wà láàárín 67 àti 73. Iye Hubble pẹ̀lú kò tọ̀nà. Bí a bá fi 500 ṣe ìṣirò, ọjọ́ orí àgbáálá ayé á jẹ́ nǹkan bíi mílíyáàdì ọdún méjì, á sì kéré sí ọjọ́ orí àwọn òkúta tó wà lórí ilẹ̀ ayé. Jíjìnnà ló fa á. Ní 1952 ni Walter Baade tó kéde pé oríṣi méjì ni àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, jíjìnnà gbogbo sì di ìlọ́po méjì. Ìyẹn ni pé ohun tó níye lórí jù nínú ìpínrọ̀ 1927 ni iyèméjì tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé, níbi tí Lemaître ti nawọ́ sí ibi tí àléébù wà gan-an. Iye náà kọjá sí Gẹ̀ẹ́sì. Iyèméjì kò kọjá.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Àwa náà ń kọ èdè méjì nínú ìwé yìí, a sì ń túmọ̀ ara wa. Ẹ wo ọ̀rọ̀ inú àpilẹ̀kọ Lemaître bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá. Année-lumière ń di ọdún ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ rò pé àkókò ni. Bẹ́ẹ̀ èdè wa ti ní ọ̀nà tí a fi ń fi àkókò wọn ọ̀nà: ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, ìrìn oṣù kan. Bí a bá ní Andromeda wà ní ìrìn mílíọ̀nù ọdún 2.5 fún ìmọ́lẹ̀, ta ni yóò ṣì í gbọ́? Ó gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n kò parọ́. (Ìṣòro iye wà lọ́tọ̀: mílíyáàdì tiwa ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní bílíọ̀nù, billion Faransé sì fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún jù ú lọ. Ẹni tó bá ń kọ̀wé fún Kétu àti fún Ìmẹ̀kọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó ṣọ́ra.)

Décalage vers le rouge tún burú jù. Mo ti rí i níbi tí wọ́n ti pè é ní pípupa ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tó pupa wà lóòótọ́: Betelgeuse pupa nítorí pé ojú rẹ̀ kò gbóná tó ti oòrùn, kì í ṣe nítorí pé ó ń sá lọ. Nígbà tí pupa wa sì lè dé orí ẹni tí a ń pè ní èèyàn pupa, tí àwọ̀ rẹ̀ kò jọ ẹ̀jẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ náà nìkan kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Sún ni ọ̀rọ̀ tó ṣe é: ìlà sún sí apá pupa.

Ní ti expansion, mo kọ tàn ká, nítorí ohun tó bá ń tàn ká ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ilẹ̀ òfìfo tó ń tàn sí. Fẹ̀ náà ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ bèèrè pé ṣé ilé wa náà ń fẹ̀. Kò fẹ̀, ohun tí òòfà bá ti so pọ̀ kì í fẹ̀, ìdí nìyẹn tí Andromeda fi lè máa bọ̀ wá bá wa. Àlàfo àárín àwọn àgbájọ tó jìnnà síra ló ń gbòòrò. Lemaître fúnra rẹ̀ ṣọ́ra ju àwa lọ: rayon croissant ló kọ sí àkọlé, ó sọ ohun tó ń dàgbà ní pàtó.

Mo mú àpilẹ̀kọ tèmi kan jáde lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà Lemaître. Ojú ìwé mẹ́sàn-án ni ti Faransé, mẹ́rin ni ti Yorùbá. Mo wá ibi tí márùn-ún lọ. Gbogbo àpẹẹrẹ ṣì wà, gbogbo àbá ṣì wà. Ohun tí mo yọ ni àwọn gbólóhùn tí mo ti sọ pé ìwọ̀n mi kéré, pé ẹni méjì tí mo bi ní Ṣábẹ̀ẹ́ kò fohùn ṣọ̀kan. Mo ti ń dá wọn padà.