Frankenstein Lọ́wọ́ Junji Ito
Ní 1818 ni ìwé Frankenstein tí Mary Shelley kọ jáde. Junji Ito, ará Japan, sọ ọ́ di ìtàn aláwòrán, ó sì gba ẹ̀bùn Eisner fún un ní 2019.

Lọ́dọ̀ Shelley, Victor fa ìyàwó tí ó ń mọ fún ẹ̀dá rẹ̀ ya kí ó tó parí. Ito jẹ́ kí ó parí i, pẹ̀lú orí Justine tí a pa láìṣẹ̀. Àṣejù ha ni? Rárá o. Victor mọ apànìyàn náà, ó pa ẹnu mọ́; ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó padà wá wò ó lójú.

Àdánù ibẹ̀ ni ohùn ẹ̀dá náà. Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ó mú wa káàánú rẹ̀. Àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán, ojú ti lé wa sá kí ọ̀rọ̀ tó jáde.