Ewé Tí Ó Kúrò Lára Ọṣẹ

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 2025, mo lọ gba ṣòkòtò mi lọ́wọ́ ìyá aránṣọ kan ní Baruwa, níbi tí mo ń gbé. Mo bá bàbá onílé wa níbẹ̀, wọ́n ń dúró de agbádá wọn. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí tábìlì. Ó ní Andrew, àbúrò Charles ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi oyè Duke of York sílẹ̀, àti pé Sarah Ferguson, tí òun àti rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀ láti ọdún 1996, kò ní jẹ́ Duchess of York mọ́.

Ìyá aránṣọ dá ẹ̀rọ dúró. Ó ní, "Ẹ gbọ́, Bàbá, ṣé láti ọdún yẹn ni obìnrin yìí ti ń fi orúkọ ilé ọkọ àtijọ́ jẹun?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Kí ni ó burú níbẹ̀? Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ."

Ìyá aránṣọ dáhùn pé, "Ẹ má bínú, Bàbá, òótọ́ ni ẹ sọ. Ṣùgbọ́n bí ọṣẹ bá tán, ṣé ewé ni ẹ ó fi wẹ̀?"

Mo gba ṣòkòtò mi, mo lọ sílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò kúrò lọ́kàn mi. Àwa tí a ń kọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá a máa ka òwe bí ẹni ń ka owó. Ó yẹ kí a máa gbé wọn yẹ̀ wò pẹ̀lú. Òwe tí Bàbá pa sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ewé. Kò sọ ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti gbé ewé náà lọ sọ́jà, kí ó sì máa pè é ní ọṣẹ. Ibẹ̀ ni àríwísí mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo oyè náà bí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1986 ni Sarah fẹ́ Andrew ní Westminster Abbey. Wọ́n pínyà ní ọdún 1992, ìgbéyàwó náà sì tú ká ní oṣù karùn-ún ọdún 1996. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Ọbabìnrin Elizabeth fi ìwé àṣẹ gba orúkọ "Her Royal Highness" lọ́wọ́ obìnrin tí ó bá ti kọ ọmọ ọba sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oyè York kò bá a lọ. Wọ́n fi orúkọ obìnrin náà ṣáájú, wọ́n fi kọ́mà kan sí i, oyè wá tẹ̀ lé e: "Sarah, Duchess of York". Àwọn tí ó mọ ìṣe ilé náà mọ̀ pé kọ́mà yẹn ni ó ń sọ pé ìyàwó ti lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ń ka kọ́mà lójú ìpolówó ọjà? Ọdún 29 ni obìnrin yìí fi gbé lórí kọ́mà kan.

Nínú ohun tí ó tà, oríṣi mẹ́ta ni mo rí.

Èkíní ni iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 1989, nígbà tí ó ṣì wà nílé ọkọ, ni ó ti ń kọ ìwé ọmọdé nípa hẹlikópítà kékeré kan tí ń jẹ́ Budgie. Ní ọdún 1997, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìpolówó fún Weight Watchers, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ń ran ẹni tí ó fẹ́ dín sísanra kù lọ́wọ́. Àwọn ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù ti fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pẹ́. Ó sọ yẹ̀yẹ́ náà di iṣẹ́, ó sì ń fi san gbèsè. Bàbá onílé lè bi mí pé, bí kò bá ti jẹ́ ilé ọba, ta ni ìbá gbà á síṣẹ́? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ni ó ṣílẹ̀kùn, iṣẹ́ ni ó wọlé.

Èkejì ni ìtàn ayé rẹ̀. Ọdún tí ìgbéyàwó tú ká gan-an ni ó gbé ìwé My Story jáde. Ìtàn ẹni, ti ẹni ni. Ṣùgbọ́n ìtàn ìgbéyàwó kì í ṣe ti ẹnì kan: ọkọ wà níbẹ̀, ìyá ọkọ wà níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin méjì tí wọn kò tíì pé ọdún mẹ́wàá wà níbẹ̀. Lórí èyí, ẹjọ́ mi pín sí méjì.

Ẹ̀kẹta ni kò ní àwíjàre. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2010, akọ̀ròyìn kan láti News of the World ṣe bí ẹni pé oníṣòwò ni òun. Sarah sọ fún un pé bí ó bá san 500,000 pọ́ùn, òun yóò ṣí ọ̀nà fún un dé ọ̀dọ̀ Andrew, tí ó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀rọ̀ òwò nígbà náà. Ó gba 40,000 dọ́là nínú rẹ̀, fídíò sì ká a mọ́ ibẹ̀. Ó tọrọ àforíjì, ó sì ní Andrew kò mọ̀ sí i.

Èyí kì í ṣe ewé mọ́. Ọ̀nà ilé onílé ni ó tà. Ní ààfin wa, ẹni tí ń jíṣẹ́ láàárín ọba àti àlejò ní orúkọ: ẹmẹ̀sẹ̀ ni ní Ilé-Ifẹ̀, ìlàrí ni ní Ọ̀yọ́. Bí ó bá ṣi iṣẹ́ náà ṣe, ọba mọ ẹni tí yóò bi. Ẹni tí ó ti kúrò nílé kò ní ipò tí a lè torí rẹ̀ bi í. Àwa ará Baruwa sì mọ irú ìpalára yìí. Epo bẹntiróòlù jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ wọ inú kànga. Ẹni tí ó gbẹ́ kànga kò ṣẹ̀, òun ni kò sì lè mu omi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ta ọ̀nà ilé ṣe ń ba kànga àwọn tí ó kù nílé jẹ́.

N kò sọ pé kí obìnrin tí ó kọ ọkọ dákẹ́ títí ayé. Ọdún 1996 náà ni Diana kọ Charles. Ní oṣù kẹfà ọdún 1997, wọ́n ta ẹ̀wù rẹ̀ 79 ní gbàǹjo ní New York. Owó náà lé ní mílíọ̀nù 3 dọ́là, ó sì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gbógun ti àrùn jẹjẹrẹ àti éèdì. Ilé kan náà, orúkọ ilé kan náà. Ẹni tí ó jẹ èrè ni ó yàtọ̀.

Nílé tiwa ńkọ́? Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, Naomi Ṣílẹ̀kùnọlá, tí ó fẹ́ Ọọ̀ni Adéyẹyè Ògúnwùsì ní ọdún 2018, kéde pé kí a má ṣe pe òun ní aya Ọọ̀ni tàbí olorì Ilé-Ifẹ̀ mọ́, bí kò ṣe olorì àwọn ènìyàn àti ìyá ọmọ ọba. Ìbá wù mí kí ó fi "olorì" kejì yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí olorì kì í wà láìsí ọba. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn ìkéde náà. Kò sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́mà. Ó dá ti ilé padà fún ilé, ó sì mú èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, èyíinì ni ìyá ọmọ.

Ilé ọba Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ní ẹ̀bi tirẹ̀. Sarah ti sọ ní gbangba pé owó tí wọ́n fún òun nígbà ìkọ̀sílẹ̀ kò tó nǹkan. Ní àṣà wa, bí ìyàwó bá lọ fẹ́ ọkọ mìíràn, a máa ń dá owó ìdána padà. Gbèsè tán, olúkúlùkù sì mọ ibi tí òun dúró. Ẹni tí ẹ fún ní àwo tí ẹ kò bu oúnjẹ sí i, bí ó bá gbé àwo náà lọ sọ́jà, kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ọ̀rọ̀ Jeffrey Epstein ni ó bi Andrew ṣubú. Sarah náà sì ti jẹ́wọ́ ní ọdún 2011 pé ọkùnrin yìí san 15,000 pọ́ùn nínú gbèsè òun. Ọjọ́ tí Andrew fi oyè sílẹ̀ ni oyè ti Sarah náà bọ́. Ohun tí ó ti ń polówó fún ọdún 29 kò jẹ́ tirẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ìdáhùn nìyẹn sí òwe Bàbá. Bí ewé náà bá ti di ọṣẹ ní tòótọ́, ìbá ṣì máa hó.