Ìkòkò Mọ́ínmọ́ín àti Akàn Yassa

Ìkòkò tí mo fi ń se mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ Àìkú náà ni mo fi ń se akàn lọ́jọ́ Sátidé. Ìdí rẹ̀ ti dúdú, ọmọrí rẹ̀ ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àkísà tútù ni mo sì fi ń dí ibi tó tẹ̀ kí ooru má baà sá. Àwọn tó bá bá mi nídìí rẹ̀ nílé mi ní Yassa máa ń ní kí n lọ ra ìkòkò alájà méjì, èyí tó ní abọ́ oníhò lókè, láàárín ìlú Douala. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Igi àárín ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ń ṣẹ́ tẹ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò, bí ìyá mi ṣe ń tẹ́ igi ewé eéran ní Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó to mọ́ínmọ́ín lé e. Àwọn obìnrin ibí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún koki, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fi epo pupa pò, tí wọ́n sì pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọ ìyá ni koki àti mọ́ínmọ́ín. Èmi kàn mú akàn wá bá wọn gbé ni.

Ẹnu ọ̀nà ìlà-oòrùn Douala ni Yassa wà, lójú títì tó gba Édéa lọ sí Yaoundé. Ẹni tó bá wá wo bọ́ọ̀lù Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní pápá Japoma ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ti dé ìtòsí wa. Odò Dibamba kò jìnnà sí wa. Òun àti Wouri jọ ń wá òkun lọ ni, ibi tí omi iyọ̀ àti omi odò sì ti ń pàdé ni igbó ẹ̀gbà wà, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń dúró lórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ àga. Igi yìí náà ni wọ́n ń gé fi yan ẹja, bẹ́ẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni ilé akàn. Nígbà tí àwọn ará Pọtogí wọ ẹnu Wouri ní 1472, edé ni wọ́n rí rẹpẹtẹ, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Rio dos Camarões, Odò Edé. Orúkọ yẹn ló di Kamẹrúùnù. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ká ní wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀ díẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orúkọ akàn ni ilẹ̀ yìí ì bá máa jẹ́.

Oríṣi méjì ló ń dé ọjà. Akàn ilẹ̀ wà, aláwọ̀ aró, tó ń gbẹ́ ihò sẹ́bàá omi, tí wọ́n máa ń so pọ̀ mọ́ okùn láàyè. Ohun gbogbo ni èyí ń jẹ, nítorí náà ẹ dè é mọ́ inú garawa fún ọjọ́ méjì, kí ẹ máa fún un ní àgbàdo àti ewé kí inú rẹ̀ mọ́, kí ẹ tó sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ ilá. Èyí tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni akàn omi ọ̀sà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, tó ní ẹ̀gún ṣóńṣó méjì lápá ọ̀tún àti òsì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kẹ́yìn sì pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ ọkọ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Callinectes amnicola. Èdè Gíríìkì ni orúkọ àkọ́kọ́ yẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni òmùwẹ̀ arẹwà. Akàn yìí kan náà ló ń wẹ̀ nínú ọ̀sà Èkó àti ti Ẹ̀pẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i lọ́jà Yassa, ó dà bíi kí n kí i pé ẹ kú ilé.

Ọjà ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Douala, ọlọ́jà àti oníbàárà ń pe ara wọn ní asso, ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n gé kúrú, tó túmọ̀ sí alábàáṣe. Ẹni tó ń ta akàn fún mi dàgbà jù mí lọ dáadáa, n kò lè la ẹnu pe asso lásán sí wọn, nítorí náà Màmá Asso ni mo ń pè wọ́n, ó sì máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Youpwè, etídò tí àwọn apẹja ti ń já ẹja, ni wọ́n ti ń gbé akàn wá, wọ́n sì máa ń dé kí oòrùn tó mú.

“Màmá Asso, èyí ti sùn.”

“Kò sùn, ọmọ mi. Òtútù ló ń mú un.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jí i.”

Yorùbá ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Òwe yẹn ni mo fi ń ra ọjà. Màá na ìka sí ojú akàn láì fọwọ́ kàn án. Bó bá yára ká ojú méjèèjì wọlé, ara rẹ̀ le. Bó bá ń rọra ká a bí ẹni tó ṣì ń rò ó, màá dá a padà sínú agbọ̀n. Èyí tó ti kú, n kò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́: omi inú akàn tó fi ń da oúnjẹ rẹ̀ kì í dúró kó tó máa jẹ ẹran ara rẹ̀, kòkòrò tí ojú kò rí á sì bá a dá sí i. Akàn òwúrọ̀ lè ti bàjẹ́ kó tó di ọ̀sán nínú ooru Douala yìí.

Lẹ́yìn ojú ló kan ìwọ̀n. Akàn wà tó fẹ̀ bí àwo tó sì fúyẹ́ bí igbá òfìfo. Akàn kò lè dàgbà nínú èèpo kan ṣoṣo. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ ti àná kó tó tóbi sí i, omi ló sì máa ń fi kún inú èèpo tuntun kí ẹran tó dé bá a. Ìdí nìyẹn tí akàn tó mọ́ tónítóní, tó ń dán bí abọ́ tuntun, kì í fi í wù mí. Èmi ń wá èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ní àbàwọ́n, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ nígbà tí mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, tó sì wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Akọ ni mo fẹ́ràn, torí ọwọ́ rẹ̀ máa ń tóbi. Ìdérí abẹ́ ikùn akọ tín-ín-rín, ti abo tó ti gbó fẹ̀ bí ọmọrí ìṣaasùn. Abo tó bá gbé ẹyin sábẹ́ ikùn, mo máa ń ní kí wọ́n dá a padà sómi. Màmá Asso kì í gbọ́ èyí sí mi lẹ́nu. Wọ́n ní ibi tó dùn jù lọ ni mo ń sọ nù.

Mo ti ṣe àṣìṣe rí. Ní Dìsẹ́ńbà kan, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Maryland wá kí wa, ó ní ẹsẹ̀ akàn gbọọrọ tí wọ́n ń jẹ ní Amẹ́ríkà ni ọkàn òun ń fà sí. Ojú tì mí láti sọ pé kò sí. Mo lọ sí ilé ìtajà kan láàárín ìlú, mo ra èyí tó dì gbagidi nínú ọ̀rá, owó rẹ̀ á ra akàn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ Màmá Asso. Bí mo ṣe tú ọ̀rá náà, òórùn ìtọ̀ ló kọ́kọ́ kí wa. Iná ti lọ, iná ti dé, akàn ti yọ́, ó tún ti dì. Ó yẹ kí n ti mọ̀ láti ibi yìnyín tó gbá jọ sísàlẹ̀ ọ̀rá àti oríkèé ẹsẹ̀ tó ti dúdú. Kí ẹ tó ra irú rẹ̀, ẹ yẹ ibi méjèèjì yẹn wò. Bó bá sì dára, ẹ rántí pé wọ́n ti sè é kí wọ́n tó mú un dì: ìṣẹ́jú 5 sí 7 lórí ooru ti tó o, kó gbóná ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò le bí okùn. Akàn òkun tútù yẹn pàápàá ti ń ṣọ̀wọ́n. Ní 2022, ìjọba Alaska fi òfin de ìpẹja akàn yìnyín ní Òkun Bering fún ìgbà àkọ́kọ́, torí ó lé ní bílíọ̀nù 10 akàn tó pòórá níbẹ̀ lẹ́yìn tí omi náà gbóná ní 2018 àti 2019.

Lọ́jọ́ kejì, mo se akàn Yassa fún àbúrò mi. Ó wo ìkòkò, ó wo igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọ́n ṣe ń sè é ní Baltimore lọ́dọ̀ wa lẹ ṣe ń sè é yìí.” Ó ní wọ́n ń da omi àti ọtí kíkan sísàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n á gbé akàn lé orí àgbékà, wọ́n á sì wọ́n ata Old Bay lé e. Gustav Brunn ló ṣe ata náà, ọmọ Júù tó sá kúrò ní Jámánì, tó sì dá òwò sílẹ̀ ní Baltimore ní 1939. Akàn tiwọn ni Callinectes sapidus, orúkọ tí Mary Rathbun fún un ní 1896, sapidus sì túmọ̀ sí aládùn. Ẹbí akàn wa ni. Òkun Àtìláńtíìkì ló pín wọn níyà, àmọ́ ẹnu èmi àti àwọn ará Baltimore kò pín: a kì í bọ̀ ọ́.

Ibi tí èmi àti àwọn ará Èkó ayé òde òní kò ti ní gbọ́ ara wa yé nìyí. Wọ́n ti gbé àṣà Louisiana ti Amẹ́ríkà dé, wọ́n ń da akàn, àgbàdo, ànàmọ́, ẹyin àti sọ́sééjì sínú omi ata kan náà, wọ́n á dà á sórí ọ̀rá, wọ́n á máa ya fọ́tò. Omi tí a fi bọ akàn máa ń dùn, akàn fúnra rẹ̀ á wá ṣá. Bí ọbẹ̀ lẹ fẹ́ sè, ó dára bẹ́ẹ̀, torí inú omi lẹ fẹ́ kí adùn lọ. Bó bá jẹ́ akàn lẹ fẹ́ jẹ, ẹ má jẹ́ kí omi kàn án. Ooru gbóná tó omi tó ń hó, kì í sì í fọ nǹkan kan jáde.

Màá kọ́kọ́ kó akàn sínú fìrísà fún bí ìṣẹ́jú 25, kí oorun gbé e lọ. Ẹni tó bá ju akàn tó jí pépé sínú ooru, akàn náà á ju ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù fúnra rẹ̀, oje inú rẹ̀ á sì máa jò láti ojú oríkèé. Lẹ́yìn náà ni màá fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Omi ìkòkò kò ní ju ìka méjì lọ, pẹ̀lú iyọ̀, ata ilẹ̀ tí mo tẹ̀ fọ́ àti koríko ọba tí mo so ní kókó. Nígbà tí ooru bá ti ń tú jáde lábẹ́ ọmọrí ni màá tó to akàn, màá da ẹ̀yìn wọn dé ilẹ̀, kí ikùn kọjú sókè, kí oje dúró sínú èèpo ẹ̀yìn bí ọbẹ̀ nínú àwo. Ìṣẹ́jú 12 sí 15 fún èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ má ṣí i wò. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọ̀ tàn yín: pupa yẹn ti wà nínú èèpo tẹ́lẹ̀, ohun tó so ó mọ́lẹ̀ ni iná tú, èèpo á sì ti pupa tán nígbà tí inú ṣì tutù. Mo máa ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ kan wò. Bí ẹran rẹ̀ bá funfun, tó sì bọ́ kúrò lára èèpo láì lẹ̀, ó ti jinná.

Ohun tí a ó máa tì í bọ kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ lórí tábìlì. Bọ́tà yíyọ́ pẹ̀lú aáyù ni ti àwọn ọmọ. Mo máa ń rẹ́ pèbè díẹ̀ sí i, èso olóòórùn tí àwa ń pè ní abo lákòṣe, lẹ́yìn tí mo bá ti yan án. Ata Douala ni èkejì, òun sì ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ata rodo aláwọ̀ ìyeyè, aáyù, ata ilẹ̀, àlùbọ́sà ewé, àti messep, ewé tí wọ́n ń tà ní ìdì-ìdì lọ́jà. Mo rà á fún oṣù mẹ́ta kí n tó gbé e sí imú dáadáa lọ́jọ́ kan: efinrin ni! Efinrin tí wọ́n ń fún mi mu ní Ẹ̀pẹ́ bí inú bá ń run mí. Mo ń lọ gbogbo rẹ̀ lórí ọlọ, ẹ̀rọ máa ń sọ ọ́ di omi, màá da òróró gbígbóná lé e, màá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Maggi kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni tèmi nìkan: epo pupa tí n kò jẹ́ kó jó, irú àti àlùbọ́sà. Ọkọ mi ní irú ti gba gbogbo ilé kan. Òun náà ló ń fi miondo, ẹ̀gẹ́ tín-ín-rín tí wọ́n wé sínú ewé, nu ìsàlẹ̀ àwo gbẹ.

Ẹsẹ̀ akàn wa kéré sí ti Alaska, ó gba sùúrù. Ẹ ṣẹ́ ẹ ní oríkèé, kí ẹ rọra fà, ẹran á tẹ̀ lé ọwọ́ yín bí òwú. Sísásì ni fún èyí tó bá le, ọmọ ọlọ ni fún ọwọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí èèpo má wọnú ẹran. Ohun eléwé-eléwé tí akàn fi ń mí, tó wà lábẹ́ èèpo ẹ̀yìn, ẹ yọ ọ́ dànù.

Èèpo ni mo máa ń bọ̀. Wákàtí kan lórí iná kékeré, omi rẹ̀ di ti ọbẹ̀ ilá alẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, màá fi ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìkòkò, màá rẹ ẹ̀wà sílẹ̀ de ọjọ́ Àìkú.